Gìtá Mẹ́ta, Kọ̀ǹpútà Kan

Àkókò tí ó dákẹ́ jù lọ ní Ìlú-Àbò, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni wákàtí kan tí ó wà láàárín ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ìkẹyìn bá kú lóru àti ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àkùkọ a kọ, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ a gba ojú títì kọjá, aládùúgbò a tan rédíò, ariwo ọjọ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan yìí ni olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní ìlú náà yàn láti fi kọ́ bí a ti ń gba ohùn gìtá oníná sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe olórin. Ó mọ gìtá ta díẹ̀, ní ìwọ̀n tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ṣùgbọ́n kò fi í jẹun rí.

Ohun tí ó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí kò ju ìbéèrè ọmọ ilé-ìwé kan lọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí orin jùjú nínú kíláàsì, olùkọ́ sì gbé orin kan sí i fún wọn kí wọ́n lè gbọ́ bí ìlù àti gìtá ṣe ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gìtá mélòó ló ń dún níbẹ̀? Èwo ló ń sọ kí ni?" Olùkọ́ tún orin náà gbé sí i, ó tẹ́tí, ó sì rí i pé òun kò lè dáhùn. Gìtá mẹ́ta, bóyá mẹ́rin, ni ó lọ́ mọ́ ara wọn bí irun dídì, etí kò sì lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ẹni tí ó lè dáhùn wà ní ìlú Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n bàbá olùkọ́ yìí ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní àwọn ọdún 1970. Ẹgbẹ́ náà kò lókìkí, kò sì gbé àwo jáde rí. Òde ìsìnkú, òde ìwúyè àti òde ìkómọjáde ni wọ́n ń ṣe káàkiri agbègbè náà. Bàbá ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Làkúrègbé ti mú un ní ìka méjì lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ tí ó fi ń tẹ okùn, ó sì ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé òun yóò ta gìtá òun fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Olùkọ́ mọ̀ pé bí òun kò bá tètè ṣe é, ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà lè bá àwọn ìka wọ̀nyí lọ.

Gìtá kì í ṣe àlejò láàárín Yorùbá mọ́. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, ni Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ orin jùjú múlẹ̀. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú rẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ jùjú sì ti ráyè tóbi, nítorí pé gángan lè pọ̀ bí ó ti wù kí ó pọ̀ láìbo gìtá mọ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Sunny Adé, ọmọ ọba láti ìlú Oǹdó, àti Orlando Owoh, tí ó di olóògbé ní 2008, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. (Òṣogbo ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, Owoh ní 1932, Adé ní 1946, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò sọ fún ará Oǹdó pé ọmọ Òṣogbo ni Sunny kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbájáde.) Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde fún gbogbo ayé ní 1982, bí gìtá púpọ̀ ṣe ń dún papọ̀ láìjà wà lára ohun tí ó fa àwọn aráa Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ́ra, pẹ̀lú gìtá Adémọ́lá Adépọ̀jù, èyí tí a ń fi irin tẹ̀, tí ó ń yọ́ gba àárín àwọn yòókù kọjá.

Ẹwà yìí gan-an ni ó di ìdènà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ. Láyé ìgbà náà, Èkó ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lọ láti gba orin sílẹ̀, owó ni wọ́n sì fi ń ra wákàtí níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ a kóra jọ sínú yàrá kan, wọn a ta á papọ̀, ó parí. Ẹ̀rọ tí ó lè fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní tráàkì, kò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, 1957 ni Les Paul, olórin tí ó tún jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, gba ẹ̀rọ onítráàkì mẹ́jọ tí iléeṣẹ́ Ampex ṣe fún un. Nígbà tí Paul McCartney sì wá sí Èkó ní 1973 láti gba púpọ̀ nínú àwo Band on the Run sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá, tráàkì mẹ́jọ náà ni ó bá níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju agbára ẹgbẹ́ Bàbá lọ pátápátá. Lónìí, kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó wà lórí tábìlì olùkọ́ kan ní Ìlú-Àbò lè gbé ju tráàkì mẹ́jọ lọ. Ètò tí ó fi ń ṣe é, Audacity, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ni ó sì ti wà.

Ṣùgbọ́n ètò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Ó ra orí wáyà kékeré kan ní Àkúrẹ́, ó so ó mọ́ wáyà gìtá, ó sì kì í bọ ihò máìkì tí ó wà lára kọ̀ǹpútà. Ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí a fi aṣọ bò lẹ́nu ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni mágínẹ́ẹ̀tì wà, a sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín yí i ká ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè mágínẹ́ẹ̀tì náà, iná kékeré a dìde nínú wáyà. Iná yìí ni ohùn gìtá. Ẹlẹgẹ́ ni. Ihò tí yóò gbà á kò gbọdọ̀ máa fà á mu. Àwọn onímọ̀ iná a máa fi ohm wọn bí ihò kan ṣe ń dènà iná tó, gìtá sì fẹ́ ihò tí ó tó mílíọ̀nù kan ohm. Ihò máìkì kọ̀ǹpútà kò súnmọ́ iye yìí rárá, nítorí pé máìkì kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń mu ohùn gìtá bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, apá òkè ohùn, níbi tí dídán rẹ̀ wà, ni ó sì kọ́kọ́ ń sọnù. Olùkọ́ rò pé gìtá òun ni kò dára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń bá gìtá tí kò ṣẹ̀ jà.

Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ ni àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju ìwé orin lọ, tí wọ́n ń pè ní interface. Atẹ́dùùrù ìjọ rẹ̀ ni ó yá a. Lára àpótí náà ni ihò kan wà tí wọ́n kọ "Inst" sí, èyí tí a ṣe fún gìtá gan-an. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni wáyà USB tí ó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ó ti ki gìtá bọ inú rẹ̀ ni ohùn náà ṣí lójijì. Ó jókòó, ó ń fa okùn kan ṣoṣo léraléra bí ọmọdé.

Iṣẹ́ àpótí yìí ni kí ó wo iná tí ó ń ti gìtá bọ̀ ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì sọ ohun tí ó rí di nọ́ńbà. Iye yìí ni wọ́n lò fún àwo CD láti 1982, ó sì tó fún etí ènìyàn. Bí a bá fi bítì 24 kọ nọ́ńbà náà, orin gìtá kan fún ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8 lọ. Ẹni tí ó ń fi àyè kékeré ṣe àwáwí kò ní àwáwí. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni òkè ìwọ̀n. Téèpù àtijọ́ máa ń fara mọ́ ariwo, ó máa ń rọ̀ ọ́ lójú díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá ti kan òdo lórí òṣùwọ̀n dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà tán nìyẹn, ẹ̀rọ a gé orí ohùn náà bí ẹni fi àdá gé orí ọ̀gbà, ohun tí a gé kò sì ní padà. Nítorí náà ni olùkọ́ fi kọ́ láti fi àyè sílẹ̀: ó ní kí gìtá dún kíkankíkan, ó wá yí bọ́tìnì títí tí ohùn tí ó ga jù lọ fi dúró ní nǹkan bíi 12 sísàlẹ̀ òdo.

Ọ̀tá tí ó tẹ̀lé e ni ìkùn. Ẹni tí ó bá ti so gìtá oníná mọ́ ẹ̀rọ nínú ilé ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n: hùn-ùn-ùn kan tí kì í dákẹ́, bí oyin tí ó há sínú akèrègbè. Iná ìjọba, àti ti jẹnẹrétọ̀, ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà bàbà tí ó wà lábẹ́ okùn kò sì mọ èyí tí ó ti ara okùn wá yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ara ògiri wá. Ní 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Gibson, ronú sí i, ó sì so wáyà lílọ́ méjì pọ̀ ní òdìkejì ara wọn kí ìkùn ọ̀kan lè pa ti èkejì. Gìtá Bàbá kò ní irú rẹ̀. Wáyà lílọ́ ẹyọ kan ni tirẹ̀. Olùkọ́ ní láti wá ọgbọ́n. Ó yọ ṣájà, ó fi bátìrì kọ̀ǹpútà nìkan ṣiṣẹ́, ìkùn sì dín ju ìdajì lọ. Ó pa gílóòbù, ó gbé fóònù lọ sí yàrá kejì. Nígbà tí ó yí àga rẹ̀ kúrò ní ìkọjú sí ògiri tí mítà iná wà lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Àìsí iná tí gbogbo ènìyàn ń ké sí wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀: òru tí wọ́n bá mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, tí epo àwọn jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, ni gìtá mọ́ jù lọ.

Ibì kan wà tí àwọn ìwé àti fídíò ìkọ́ni láti òkè òkun ti ń ṣi alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà. Orin rọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní lọ́kàn. Ohùn gìtá rọ́ọ̀kì ń fẹ́ amplifier tí ó ń pariwo títí ohùn yóò fi ya, ó ń fẹ́ máìkì níwájú rẹ̀, tàbí ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe bí amplifier. Bí ènìyàn bá kà wọ́n, yóò rò pé láìní gbogbo ẹrù wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí òun ń lọ. Gìtá jùjú kò béèrè wọn. Ohùn tí ó mọ́, tí ó ń dún kerekere, tí a lè gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, ni gìtá jùjú ń fẹ́, irú ohùn bẹ́ẹ̀ sì ni gìtá tí a so tààrà mọ́ àpótí ń fúnni. Okùn tuntun yóò ṣe é láǹfààní ju ètò olówó ńlá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù kí Bàbá tó dé, òun sì ni ìfàsẹ́yìn ohùn. Kọ̀ǹpútà kì í gba nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó wọn jọ bí ẹni tí ó ń pọn omi sínú garawa kí ó tó gbé e lọ. Bí garawa náà bá gba nọ́ńbà 1,024, olórin yóò ta okùn, ohùn yóò sì pẹ́ ní ìdá 23 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, ní ọ̀nà àbáwọlé nìkan. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó dúró ní mítà mẹ́jọ sí amplifier rẹ̀. Nínú orin tí gìtá kan ti ń bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ gìtá mìíràn, ìyẹn tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Bọ́tìnì kan lára àpótí ni ó yanjú rẹ̀: ó jẹ́ kí olórin gbọ́ gìtá rẹ̀ tààrà nínú hẹ́dífóònù kí ohùn náà tó wọ kọ̀ǹpútà rárá.

Bàbá dé láti Oǹdó ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó sùn mọ́jú. Nígbà tí olùkọ́ jí i ní aago mẹ́rin àbọ̀, ó ti wọṣọ tán, ó sì ti fi òróró para ní ìka. Olùkọ́ fi hẹ́dífóònù sí i létí, ó kúnlẹ̀ ti kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ta tiyín nìkan."

Bàbá wò ó. "Tèmi nìkan báwo? Bí mo bá ń ta tèmi nìkan, ta ni mò ń dá lóhùn?"

Ó gbìyànjú ṣá. Ó ta á díẹ̀, ọwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tún dúró níbì kan náà. Kì í ṣe làkúrègbé. Ohun tí ó ń ta kò ní ìtumọ̀ láìsí èyí tí ó ń tẹ̀lé, ìka rẹ̀ kò sì rántí ìdáhùn nígbà tí kò gbọ́ ìbéèrè. Olùkọ́ ti fi oṣù méjì múra láti ya gìtá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ronú kàn án rí pé gìtá náà lè kọ̀ láti yà.

Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó wá ọ̀nà. Ó fa gìtá lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ ní ìtì kan ṣoṣo, èyí tí ẹni ìkẹta nínú ẹgbẹ́ wọn máa ń ta láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin láìyí padà. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó gba olùkọ́ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé Bàbá kò gbà kí ó yára, kò sì gbà kí ó falẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, sí tráàkì àkọ́kọ́. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù, tí gìtá sì ti padà sí ọwọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó tún dá ọwọ́ dúró. Ó wọlé ní ibi tí kò sí ẹni tí yóò ronú pé ó yẹ kí ènìyàn wọlé, ó sì dúró níbẹ̀.

Ó ṣe àṣìṣe kan ní àárín, níbi tí ìka kékeré ti kọ̀ láti dé ibi tí ó ń lọ. Olùkọ́ sọ fún un pé àwọn lè gé ibẹ̀, kí ó tún un ta, kọ̀ǹpútà yóò so ó pọ̀. "Fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Èmi náà ni." Ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìka àgbà ṣe ń gba ẹ̀yìn rìn kúrò nínú àṣìṣe láìpàdánù ẹsẹ̀ orin, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ ọ.

Olùkọ́ rò pé ó ti parí. Ìrun kò tíì pe. Bàbá kò yọ hẹ́dífóònù. Ó ní kí ó tún gbé méjèèjì sí i fún òun. Ó dijú, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá ní kí ó ṣí tráàkì mìíràn. Gìtá kan kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń ta á, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá kò ta á rí láyé ẹni náà, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn máa ta ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òde àti òde ni ó fi jókòó tì í, tí ó ń gbọ́ ọ ní etí òsì. Ó fi ìka tí kò ṣe déédéé mọ́ wá a kiri lórí okùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí, olùkọ́ sì tẹ bọ́tìnì pupa.

Wọ́n ń pe ìrun nígbà tí ó parí. Ohùn ládánì wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò wọ inú àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé wáyà ni ohùn gìtá gbà, kò sí máìkì kankan tí ó ṣí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, olùkọ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sí kíláàsì. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó wá ń pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè ní kí ó tún tráàkì kejì gbé sí i ní òun nìkan, ó gbọ́ ọ, ó sì ní kò jọ orin. Olùkọ́ dá ti àkọ́kọ́ padà sí abẹ́ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ohùn gìtá kẹta mu, dò rè mí rẹ̀, bí ẹni tí ó ń túmọ̀ gángan, àríyànjiyàn wọn kò sì tán títí agogo fi lù.

Ẹ̀dà orin náà wà níbi mẹ́ta báyìí, ní fáìlì WAV tí a kò fún pọ̀: nínú kọ̀ǹpútà náà, nínú dísìkì kékeré kan tí olùkọ́ fi pamọ́ sí ilé ìwé, àti nínú fóònù ọmọ-ọmọ Bàbá ní Oǹdó. Lórí fóònù yìí ni Bàbá ti pè ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó kí i, ó béèrè àwọn ọmọ, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí ó bá òun pa tráàkì àkọ́kọ́ àti èkejì, kí ó sì fi ẹ̀kẹta nìkan ránṣẹ́ sí òun.